Oyè Tí Wọ́n Fi Orúkọ Èkó Jẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Oyè Tí Ó Wà ní Ìkáwọ́ Wa

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròhìn yìí ní Adégbáyì, ní Ẹgbẹ́dá, ní Lálúpọn, ní Akànrán, ní Mọ́níyà àti ní gbogbo abà tí ó yí Ìbàdàn ká, ọ̀rọ̀ oyè ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti ìlù àti agbádá ni a ń wí. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti nawọ́ sí ènìyàn kan kí ó wí pé, "Ìwọ ni kí o jókòó sí àyè baba wa," àti ẹni tí yóò gba àyè náà lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá kú. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, a ó kọ́kọ́ gba òkè òkun lọ, nítorí oyè kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì tíì gbọ́ rí.

Ní 1947, Ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sà Arthur Richards jẹ oyè. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí òun ni Gómìnà Nàìjíríà láti 1943 títí di ọdún 1947 náà. Oyè tí wọ́n fi í jẹ ni ti Lọ́ọ̀dù Milverton. Milverton jẹ́ ìletò kan ní Somerset ní ilẹ̀ wọn, kò sì sí ohun tí ó kàn wá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè Gẹ̀ẹ́sì a máa ní ìdí ibi tí a so ó mọ́, a sì so ti Richards mọ́ ibi méjì nínú ìwé oyè rẹ̀: "ti Èkó, àti ti Clifton ní ìlú Bristol." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Ti Èkó. Kì í ṣe Ọba Èkó ni ó fi í jẹ ẹ́, kì í ṣe àwọn Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó ni ó pè é wá. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ ọ́, tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ti sọ ọ́ di ohun ìní ìdílé kan láti baba dé ọmọ.

Kí ni ọkùnrin náà ṣe láàárín wa tí wọ́n fi so orúkọ Èkó mọ́ ọn lára? Ẹ̀yin tí baba yín ṣiṣẹ́ rélùwéè yóò ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn. Nígbà ogun Hitler, ọjà gbówó lórí, owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan. Ní 1945 àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dúró, ìwé kò kúrò ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba Richards ti ìwé ìròhìn West African Pilot àti Daily Comet pa. Ní ọdún kan náà ni àwọn òfin mẹ́rin jáde, èyí tí àwọn olóṣèlú wa pè ní òfin búburú títí di òní: ọ̀kan lórí ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, ọ̀kan lórí ilẹ̀ tí ìjọba bá fẹ́ gbà fún ìlò ara rẹ̀, ọ̀kan lórí ilẹ̀ tí wọ́n pè ní ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ lórí fífi olóyè jẹ àti rírọ olóyè lóyè.

Ẹ̀kẹrin yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ohun tí ó ń wí ni pé bí ìdílé bá tilẹ̀ jókòó, tí wọ́n yan ẹni tiwọn, tí ìlú gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kò sí lọ́wọ́ ìdílé, kò sí lọ́wọ́ ìlú. Ọwọ́ ìjọba ni ó wà. Herbert Macaulay àti Nnamdi Azikiwe kó ẹgbẹ́ N.C.N.C. káàkiri ilẹ̀ yìí ní 1946 nítorí àwọn òfin wọ̀nyí àti nítorí ìwé òfin ìṣèlú tí Richards ṣe láìbi wá léèrè. Àárẹ̀ mú Macaulay lẹ́nu ìrìn náà, ó sì kú ní oṣù Karùn-ún. Ní 1947 àwọn aṣojú wa wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta sì wà lára wọn. Mínísítà tí ó ń rí sí ilẹ̀ àwọn amúnisìn, Creech Jones, gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n padà sílé kí wọ́n lọ dán ìwé òfin náà wò. Ọdún náà gan-an, ní Lọ́ńdọ̀nù náà gan-an, ni Richards di Lọ́ọ̀dù ti Èkó. Àwọn tí ó ni Èkó gba ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ṣe àkóso Èkó gba oyè.

Ẹ má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́yé. A kò bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wí pé wọ́n dá òṣìṣẹ́ wọn lọ́lá. Gbogbo ìlú ni ó ní bí ó ti ń dá ènìyàn rẹ̀ lọ́lá. Ohun tí a fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni bí irú oyè bẹ́ẹ̀ ti ń rìn nínú ìdílé, nítorí pé láti ìgbà tí a ti gba òmìnira ní 1960, àwọn kan nínú wa ti ń fẹ́ sọ oyè tiwa di irú rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé bí baba bá kú láàárín wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ oko kòkó kan ṣoṣo ni ó fi sílẹ̀, a ó pín in ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí; ọmọ kan kò lè kó gbogbo rẹ̀ kí àwọn ìyókù máa wò. Oyè irú ti Milverton kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí ọkùnrin ni ó ń gbé e lódindi. Ìbáà jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ìbáà jẹ́ òmùgọ̀, ìbáà ti fi ojú kan ibi tí a fi sọ oyè rẹ̀ lórúkọ, ìbáà má tíì fi ojú kàn án, tirẹ̀ ni. Bí kò bá sì sí ọmọkùnrin rárá, oyè náà lè bá olóyè wọ inú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Lugard, ẹni tí ó so Àríwá àti Gúúsù ilẹ̀ yìí pọ̀ ní 1914. Wọ́n fi òun náà jẹ Lọ́ọ̀dù ní 1928, kò bímọ, ó sì kú ní oṣù Kẹrin 1945. Oyè Lugard parí lọ́jọ́ náà.

Richards ní tirẹ̀ bí ọmọkùnrin. Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ Lébà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olóyè ní Westminster, ó bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ irin ní 1949, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ó kú ní 1978, ẹni ọdún 93. Ní ọjọ́ tí ó kú ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí ó jẹ́ àlùfáà, di Lọ́ọ̀dù Milverton kejì. Ẹnikẹ́ni kò dìbò fún un, kò sí ìgbìmọ̀ ìdílé tí ó jókòó lórí rẹ̀, kò gun àkàsọ̀ kankan. Láti ọdún náà títí di 1999, ó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó nínú ilé tí ó ń ṣe òfin fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé baba rẹ̀ ṣe gómìnà lé wa lórí. Kò ní ọmọkùnrin. Oyè náà kò lè bọ́ sí ọwọ́ ọmọbìnrin. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni òfin wọn tọ́ka sí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ rí i pé ọ̀nà náà kò dára tó. Ní 1958 wọ́n ṣe òfin pé a lè fi ènìyàn jẹ Lọ́ọ̀dù ní ìwọ̀n ìgbà ayé rẹ̀ nìkan, kí ọmọ rẹ̀ má jogún rẹ̀. Ní 1999 wọ́n yọ àwọn olóyè àjogúnbá tí ó lé ní 600 kúrò nínú ilé náà lọ́jọ́ kan, wọ́n sì fi 92 péré sílẹ̀. Ní 2024 ìjọba wọn tún gbé àbádòfin mìíràn dìde kí àwọn 92 náà lè kúrò. Ẹ wo ohun tí ó gbà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó mọ̀: pé kò yẹ kí ọmọ di aṣòfin nítorí pé baba rẹ̀ jẹ́ olóyè. Ìbàdàn mọ èyí láti ìgbà tí ilé rẹ̀ ṣì jẹ́ àgọ́ ogun.

Bí ẹ bá rò pé a ń yin ara wa lásán, ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn. Ìtàn Lágelú ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ìlú tí a ń pè ní Ìbàdàn lónìí, ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀. Olúkúlùkù ni ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ wá. Kò sí ẹni tí ó gbé adé wá, kò sì sí ìdílé tí ó lè dìde wí pé òun nìkan ni ilé ọba. Akíkanjú ni ó ń jẹ oyè. Bí jagunjagun bá kú, ọmọ rẹ̀ a jogún ilé, a jogún oko, a jogún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bí ó bá lè kó wọn jọ. Ṣùgbọ́n oyè a padà sí ọwọ́ ìlú, ọmọ náà a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹlòmíràn.

Ààrẹ Látòósà ṣe olórí Ìbàdàn láti 1871, ó sì kú sí ojú ogun Kírìjì ní 1885. Ṣítù ọmọ rẹ̀ jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn. Ìgbà wo ni ó jẹ ẹ́? Ní 1914. Láàárín baba àti ọmọ, ọdún 29 kọjá, Fíjàbí jẹ, Òṣúntókì jẹ, Fájìnmí jẹ, Mosàdẹ́rìn jẹ, Dàda jẹ, Apáńpá jẹ, Akíntáyọ̀ jẹ, Ìrẹ̀fìn jẹ, olúkúlùkù láti agbo ilé tirẹ̀. Ẹ tún wo ilé Àlí Ìwó. Àlí Ìwó jẹ Olúbàdàn ní 1952. Ọba Lékan Balógun, ọmọ ilé kan náà, jẹ Olúbàdàn ní 2022. Àádọ́rin ọdún gbáko. Àwọn ọba tí ó jẹ láàárín wọn ti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wá, onígbàgbọ́ wà nínú wọn, mùsùlùmí wà nínú wọn, ẹni tí ó kàwé wà, ẹni tí kò kàwé wà.

Bí àkàsọ̀ náà ti rí ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n ju àwa tí a ń kọ̀wé lọ. Agbo ilé ni ó ń yan Mọ́gàjí tirẹ̀, wọn a sì mú un lọ síwájú Olúbàdàn kí ó fọwọ́ sí i. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, a ó fi Mọ́gàjí kan jẹ Jagun. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, ti Ọ̀tún Olúbàdàn tàbí ti Balógun, àtẹ̀gùn tí ó lé ní ogún sì wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nígbàkígbà tí ẹnìkan bá kú lókè rẹ̀, gbogbo àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ a sún sókè ní ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí Olúbàdàn bá wàjà, ọ̀nà kan a mú ọba wá. Nígbà tí ẹni náà bá tún wàjà, ọ̀nà kejì ni ó kàn. Ọba Ọ̀dúlànà Odùgadé wá láti ọ̀nà Ọ̀tún, Ọba Sàlíù Adétúnjí láti ọ̀nà Balógun, Ọba Lékan Balógun láti ọ̀nà Ọ̀tún, Ọba Ọlákùlẹ́hìn láti ọ̀nà Balógun.

Lẹ́yìn Ọba Ọlákùlẹ́hìn ni ó kan Ọba Ràṣídì Ládọjà, tí a wúyè fún ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025. Ẹ fi òun àti Richards wé ara wọn, nítorí pé àwọn méjèèjì ni ó ṣe gómìnà rí. Richards ti orí àga gómìnà bọ́ sí orí oyè láàárín ọdún kan náà, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ládọjà jẹ Jagun ní 1993. Ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2003, ó sì parí rẹ̀ ní 2007. Ní gbogbo ọdún tí ó fi wà ní ilé ìjọba, tí ọlọ́pàá ń kí i, tí owó ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, kò fo orí ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀tún. Ọdún 32 ni ó fi gun àkàsọ̀ náà. Ọmọ rẹ̀ kò sì ní í jogún rẹ̀. Bí ọmọ ilé Arúsà mìíràn bá fẹ́ dé ibẹ̀, láti Mọ́gàjí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

A kò sọ pé kò sí àbùkù. Àbùkù kìíní ni ti ọjọ́ orí. Ọba Odùgadé, tí a bí ní 1914, gun orí ìtẹ́ ní 2007 nígbà tí ó pé ẹni ọdún 93. Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn, ó wàjà ní 2016 lẹ́ni ọdún 101. Ọba Ọlákùlẹ́hìn lo ọdún kan péré, láti oṣù Keje 2024 dé oṣù Keje 2025. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi wá pé èrè wo ni ó wà nínú kí ènìyàn dé orí oyè nígbà tí agbára ti tán. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ó sàn kí ìlú sin àgbà tí gbogbo ènìyàn mọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, ju kí ó sin ọmọdé tí a kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ àfi orúkọ baba rẹ̀.

Àbùkù kejì, tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́, ni ti àwọn obìnrin. A fi ti Milverton bú àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọbìnrin kò lè jẹ oyè. Àwa ńkọ́? Ìyálóde wà ní Ìbàdàn láti ayé Ìyáọlá, ó ní àwọn ìjòyè obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀. Síbẹ̀ kò sí àtẹ̀gùn tí ó ti ibẹ̀ dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Ẹ̀fúnṣetán Aníwúrà ní ọrọ̀ àti ọmọ ogun ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ìgbà rẹ̀ lọ, ibi tí ó parí sí ní 1874 kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń yin àkàsọ̀ wa gbọ́dọ̀ rántí èyí kí ó tó ṣe fáàrí.

Àbùkù kẹta ni owó. Kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní 1949, nígbà tí Olóyè Sàlámì Àgbájé, oníṣòwò pàtàkì, ti dé ipò Ọ̀tún Balógun, àwọn ìjòyè àti àwọn Mọ́gàjí dìde pé kí ìjọba rọ̀ ọ́ lóyè. Àríyànjiyàn náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi yan Butcher láti wádìí rẹ̀, ìwádìí náà sì jáde ní 1951. Àwọn kan wí pé ìwà rẹ̀ ni, àwọn kan wí pé ìlara ọrọ̀ rẹ̀ ni. A kò dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé Ìbàdàn ìgbà náà bẹ̀rù ọlọ́rọ̀ lórí àkàsọ̀. Ìbàdàn ìgbà tiwa kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ṣe ni a ń wá a kiri, tí a ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ṣe Mọ́gàjí wa nítorí pé ó lè tún ilé kọ́.

Èyí tí ó burú jù ni ọwọ́ ìjọba. Ní 1914 wọ́n yọ Baálẹ̀ Ìrẹ̀fìn. Ní 1925 wọ́n yọ Baálẹ̀ Ṣítù ọmọ Látòósà. Òyìnbó ni ó ṣe wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n agbára tí a bá Richards jà lé lórí kò bá a wọ ọkọ̀ lọ. Ó dúró dè wá. Òfin Àwọn Olóyè ti ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1957 gbà á, ìjọba ìpínlẹ̀ sì jogún rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi adé lé ènìyàn 21 lórí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, lára àwọn ìjòyè àgbà àti àwọn Baálẹ̀, nígbà tí Olúbàdàn wà láàyè tí kò sì fọwọ́ sí i. Ládọjà kò gba adé náà nígbà yẹn. Ó gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ní oṣù Kìíní 2018 ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ètò náà, ẹjọ́ tún ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tí Ọba Adétúnjí wàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2022, ọ̀rọ̀ adé àti ẹjọ́ wọ̀nyẹn dá ìlú dúró títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹta kí a tó lè wúyè fún Ọba Lékan Balógun. Nígbẹ̀yìn Ládọjà náà gba adé ìlẹ̀kẹ̀ kí ó tó dé orí ìtẹ́, èyí sì fi hàn bí ohun tí ìjọba bá ti gbìn ti ṣòro fà tu tó.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí abà. Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí ni èyí kàn mí? Èmi kì í ṣe Mọ́gàjí, oko ni mo wà." Ó kàn ọ́, ọ̀rẹ́ wa, ó sì kàn ọ́ ju ẹni tí ó wà ní Ọjàba lọ. Àwọn oko tí ó wà láti Adégbáyì dé Ẹgbẹ́dá, àti àwọn tí ó wà ní Akínyẹlé, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, agbo ilé ni wọ́n wà fún. Jagunjagun kan láti Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ dá irú oko bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn tí ó gbà síbẹ̀ ni ó sọ ọ́ di abà, ìdílé sì yan Baálẹ̀ sí i. Nítorí náà ẹni tí ó jẹ́ Mọ́gàjí ní ìgboro ni a ń wojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé. Bí Mọ́gàjí méjì bá wà nínú agbo ilé kan, tí ẹ̀ka kan gba ti èyí, tí ẹ̀ka kejì gba ti ìyẹn, ìwé méjì ni yóò jáde lórí ilẹ̀ kan. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́ yóò bá ẹni tí ó ra á lọ́wọ́ ti èkejì lórí ìpìlẹ̀ kan náà, kòkó àti ọsàn tí ẹ gbìn yóò sì ti lulẹ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀, níbi tí ilé ti ń lé oko sẹ́yìn lójoojúmọ́, kò di ìgbà tí a bá ṣàlàyé fún yín.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Baálẹ̀. Baálẹ̀ tí àwọn ará oko mọ̀, tí ìdílé yàn, tí ó sì ń gbé láàárín wọn, yóò gbèjà wọn. Baálẹ̀ tí ó gba ìwé láti ọ́fíìsì, ti ẹni tí ó fún un ní ìwé ni yóò máa ṣe. Àwọn àgbà Akànrán rántí 1968 àti 1969, ìgbà ogun Àgbẹ̀kọ̀yà, nígbà tí àgbẹ̀ kò fi ìyàtọ̀ sáàárín agbowó-orí àti olóyè tí ó bá a rìn. A kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Báwo ni agbo ilé ṣe ń di ẹni tí ó ní Mọ́gàjí méjì? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ìwà ìkà. Ìtàn ni ó sọnù. Àgbà kan ṣoṣo ni ó mọ iye ọmọ tí baba ńlá bí, ẹni tí ó jẹ́ àkọ́bí, ẹ̀ka tí ó ti jẹ àti ẹ̀ka tí kò tíì jẹ, àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí ilé ṣùgbọ́n tí a ti gbà mọ́ra. Àgbà náà kú, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ kejì ìsìnkú olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn tirẹ̀. Níhìn-ín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe dáadáa jù wá lọ, ó sì yẹ kí á gbà bẹ́ẹ̀. Oyè Milverton kò tọ́ sí orúkọ Èkó lójú wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jí i, nítorí pé ọjọ́ tí a dá a sílẹ̀, orúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọdún tí a bí wọn, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò.

Àwa náà ní ẹni tí ó fi ọ̀nà hàn wá. Ìsáàkì Babalọlá Akínyẹlé, tí a bí ní 1882, kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1911, nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tí ó mọ ogun Kírìjì ní ojú ara wọn ṣì wà láàyè ní ìgbà náà, ó sì wà lára àwọn tí ó tètè mọ̀ pé wọn kò ní í pẹ́ lọ. Ọdún 44 lẹ́yìn náà, ní 1955, òun fúnra rẹ̀ di Olúbàdàn, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí ó fi wàjà ní 1964. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sà dá a lọ́lá. Oyè náà parí pẹ̀lú rẹ̀. Oyè Olúbàdàn kọjá sí agbo ilé mìíràn. Ìwé rẹ̀ ni ó ṣì wà lọ́wọ́ wa, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń gbé lọ sí kóòtù títí di òní bí wọ́n bá ń wá ẹ̀rí.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yín bá wá sílé fún ọdún Iléyá tàbí fún Kérésìmesì, kí ẹ tó gbé ìlù dé, ẹ mú àgbà tí ó dàgbà jù nínú agbo ilé jókòó, kí ọmọ tí ó mọ̀wé kọ ohun tí ó bá wí. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dá oko náà àti ibi tí ó ti wá. Kí ó kọ orúkọ àwọn aya rẹ̀ àti ọmọ aya kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí a má yọ obìnrin sílẹ̀. Kí ó kọ orúkọ àwọn Mọ́gàjí bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, àti ẹ̀ka tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Kí ó kọ orúkọ àwọn Baálẹ̀ abà náà. Kí ó kọ ààlà, pẹ̀lú orúkọ odò, orúkọ igi àti orúkọ ẹni tí ẹ bá pààlà. Bí àgbà méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kọ ti àwọn méjèèjì, kí ó sì fi orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí i. Kí gbogbo ẹ̀ka fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan lọ. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní ọjà Adégbáyì, tó fún gbogbo rẹ̀.